Ẹni Tí Gìtá Ń Dúró Dè

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́ o. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé orúnkún ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Èmi náà wà dáadáa, ọpẹ́ ni. Báàgì tí ẹ fi kó àwọn téèpù ránṣẹ́ dé lánàá. Mo rí i pé síwẹ́tà mi àtijọ́ lẹ fi wé wọn bí ọmọ tuntun. Kò sí èyí tó fọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀gá mi ní òun ti ń wá wọn kiri fún ọdún mẹ́fà. Onírùngbọ̀n là ń pè é, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́ la ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ gan-an ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún un pé bàbá mi ni Ó-Ń-Bọ̀ onígìtá rọ́ọ̀kì, ó ní kí n yé purọ́. Ó ní àwọn onígìtá ìhín máa ń jókòó ti àwo orin yín, wọ́n á máa dá a padà sẹ́yìn kí wọ́n lè mọ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe. Orí mi wú, bàbá. Mo ṣe bí ẹni pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ máa ń bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi gan-an. Ó rèé: a máa ń gba orin kúrò lórí téèpù àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, a ó fọ ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀, wọ́n á sì fi tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun. Ìdọ̀tí yẹn kì í ṣe eruku. Ariwo ni: fáànù tó ń kùn, mọ́tò tó kọjá, ẹni tó wúkọ́. Ohun tí a bá yọ, a máa ń kó o sí ibì kan nínú kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní Garawa. Òfin ilé iṣẹ́ ni pé kí èèyàn gbọ́ Garawa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó dà á nù, kó má lọ jẹ́ pé ó ti da orin pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí.

Wọ́n tún ní kí n kọ ìwé pélébé tí yóò wà nínú àpò rẹ́kọ́ọ̀dù náà, tí yóò ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń ta gìtá. Ìdí tí mo fi ń dààmú yín nìyẹn. Mo ti gbọ́ àwo àkọ́kọ́, Aláwọ̀ Pupa, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀yin mẹ́fà nínú gbọ̀ngàn, gbogbo yín ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ampilifáyà yín sì ń ha bí ọ̀fun ẹni tó ti pariwo jù. Ó dùn o, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn náà lè ta irú gìtá yẹn. Inú àwo kejì, Aláwọ̀ Ewé, tí mo ṣì ń gbọ́ lórí ẹ̀dà kan tó ti ha, tí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò mọ́, lẹ ti wá di Ó-Ń-Bọ̀ lóòótọ́. Ìlù á ti dé, béèsì á ti dé, gìtá yín á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọlé bọ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé tó ní láti padà lọ mú un. Ta ló kọ́ yín? Kí ló dé tí ẹ fi ń pẹ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èsì ìlà méjì ránṣẹ́ sí mi. Mo mọ̀ yín.

Ọmọ yín,
Elétí Ehoro

*

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta

Elétí Ehoro mi,

Mo rí ìwé rẹ, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún kà á fún Oníbéèsì, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti jọ ń ṣe orin láti ìgbà tí kò tíì sí irun lágbọ̀n ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ní kí n kí ọ. Ó tún ní kí n bi ọ́ bóyá òun náà wà lára àwọn tí ajá ń lé nínú gbọ̀ngàn yẹn, nítorí òun rántí pé ńṣe ni òun ń rìn. Ó ti ń di ẹrù báyìí, ó fẹ́ lọ lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ilé á dá fún mi.

O béèrè orúnkún, o ò béèrè etí. Dókítà elétí ní ti ọ̀tún ti lọ, ti òsì náà ń palẹ̀ mọ́. Ó ní ní tèmi, àwọn ohùn tó nípọn, tó wà nísàlẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ fóònù rẹ nìyẹn. Ohùn rẹ nínú rẹ̀ dà bí ẹ̀fọn tó há sínú ìgò. Ìwé ni kí o máa kọ sí mi.

Nítorí náà, má fi iṣẹ́ yìí falẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ Aláwọ̀ Ewé dáadáa lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀kùn yìí tó tì. Rẹ́kọ́ọ̀dù tèmi ti ha tán, abẹ́rẹ́ ń fò lórí rẹ̀ bí ewúrẹ́. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ gbọ́. Ìwọ tí etí rẹ mú, wàá gbọ́ ọ láìjẹ́ pé mo sọ.

Ní ti ìwé pélébé rẹ, kọ ọ́ báyìí: bàbá mi kì í lo ike láti fi ta gìtá, èékánná rẹ̀ ló ń lò. Àtàǹpàkò rẹ̀ kì í kúrò lórí okùn tó nípọn jù. Ìyẹn ni ilẹ̀ tó dúró lé. Ó ń fi ìka méjì fa àwọn okùn tínrín láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, díẹ̀díẹ̀, títí ohùn yóò fi dé ibi tó ń lọ. Ó máa ń yí ampilifáyà sókè títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya, á wá dá a padà díẹ̀ ṣoṣo. Ta ló kọ́ mi? Kò sí. Kí ló dé tí mo fi ń pẹ́? Bi téèpù.

O rí i pé ó ju ìlà méjì lọ.

Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé? Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Má sọ fún mi pé ọdún tó ń bọ̀, mo ti ní márùn-ún irú rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìfaradà etí o. Ẹ má bínú pé mi ò béèrè. Ẹ bá mi sọ fún Oníbéèsì pé mo ti tún un gbọ́, òótọ́ ni, ńṣe ló ń rìn.

Mo ní ìròyìn méjì. Èyí tí kò dára ló kọ́kọ́ ń bọ̀. Téèpù Aláwọ̀ Ewé ti bàjẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Ohun tí wọ́n kùn sójú téèpù, tí orin ń gbé lára rẹ̀, ti rọ̀ bíi gọ́ọ̀mù. A gbé e sínú àpótí tó ń gbóná díẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ kó lè gan, ṣùgbọ́n irú téèpù bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn lè gbọ́ ọ. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà ń gbà á sílẹ̀, ojú téèpù sì ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Nígbà tó fi parí, ó ti di ọ̀rá lásán. Ṣùgbọ́n gbogbo orin ló wọ inú kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tó sọnù.

Èyí tó dára rèé. Ẹ̀yin ò tilẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kan lẹ ti gba orin yẹn sílẹ̀! Gbù-gbù-gbù-gbù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Á sáré, á dẹwọ́, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Èmi rò pé ẹ̀rọ tó ń fa omi ni, Onírùngbọ̀n ní jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ ò mọ́ ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi yọ ọ́, ẹyọ kan lẹ́yìn ẹyọ kan, láìfara kan gìtá yín. Èmi kì í yin ara mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n yin ara mi lónìí. Gìtá yín wá dá dúró gbangba bí àga kan ṣoṣo nínú yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà.

Mo fi síídì rẹ̀ sínú àpò yìí, pẹ̀lú ohun tí mo ti kọ. Ẹ wo ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa Aláwọ̀ Funfun dáadáa, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo kọ pé: "Nínú àwo kẹta yìí, ó jọ pé ó ti rẹ olórin náà. Ihò pọ̀ jù nínú orin. Á ta ìlà kan, á dákẹ́, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ." Ẹ jọ̀ọ́, tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wí.

Ẹ gbọ́ síídì náà kí ẹ sì dá mi lóhùn kí oṣù kẹfà tó parí. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Tí mo bá ti fọwọ́ sí i, ilé iṣẹ́ á pa èyí tí a ò tíì fọ̀ rẹ́, nítorí àyè ò gba méjèèjì.

Ní ti wíwá sílé, mi ò ní sọ pé ọdún tó ń bọ̀. Mi ò ní sọ nǹkan kan.

Ọmọ yín,
Elétí Ehoro

*

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ìdákẹ́jẹ́ o. Àwọn tó gbé àpò náà dé ọ̀dọ̀ yín fi ìwé ẹ̀rí hàn mí, mo rí ibi tí ẹ ti fọwọ́ gbà á. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i; mo mọ bí ẹ ṣe ń fa ìlà sábẹ́ orúkọ yín bí ẹni tó fẹ́ fà á ya.

Nítorí ihò tí mo kọ nípa rẹ̀ ni, àbí? Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́. Mo lè kọ "ìsinmi" dípò "ihò". Mo lè kọ ohun tí ẹ bá fẹ́. Mo pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ gbé e, ẹ ní, "Mo wà," ẹ sì gbé e kalẹ̀. Irú èsì wo nìyẹn? Ìlà méjì tí mo ní kí ẹ má kọ tilẹ̀ sàn jù ú lọ.

Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Oṣù kan ló kù.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kìíní, oṣù keje

Bàbá,

Mo kí yín. Mo ti fọwọ́ sí i lánàá. Mo dúró títí wọ́n fi fẹ́ ti ilé iṣẹ́, Onírùngbọ̀n sì jókòó sí iwájú mi tòun ti ìwé lọ́wọ́. Ó ní tí ẹni tó ni orin bá dákẹ́ fún oṣù méjì ààbọ̀, ó ti gbà nìyẹn. Mo ní bàbá mi kì í gbà bẹ́ẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ti pa èyí tí a ò fọ̀ rẹ́ ní àárọ̀ yìí. Wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù ní oṣù kẹsàn-án.

Inú ń bí mi. Mo fi ọjọ́ mọ́kànlá wẹ orin yín mọ́, bí èèyàn ṣe ń wẹ ọmọ, ẹ ò lè sọ pé ó dáa tàbí kò dáa. Bí mo ṣe dàgbà nílé yẹn náà nìyẹn. Tí mo bá béèrè ọ̀rọ̀, ẹ ó mú gìtá. Mo máa ń rò pé tí mo bá kọ́ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ nǹkan dáadáa, máa gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje

Ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí.

Síídì rẹ dé ní ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi hẹ́dífóònù sí etí òsì, mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ gìtá mi. Gbogbo èékánná ló hàn, iṣẹ́ rẹ dára. Ṣùgbọ́n ohun tí mo jókòó dè ò wọlé. Mo tún un tẹ̀. Mo gbé ohùn rẹ̀ sókè débi pé aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ògiri. Mi ò gbọ́ ọ. Mo wá sọ fún ara mi pé ó ti tán, etí mi ti gbé e lọ. Ṣebí dókítà ti sọ ọ́ pé ohùn tó nípọn ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Ìdí tí mi ò fi kọ̀wé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ihò kọ́ o. Kí ni ǹ bá kọ? Ó dùn mí débi pé mi ò lè sọ ọ́ fún dókítà pàápàá. Tí fóònù bá dún, mo máa ń rò pé tí mo bá sọ̀rọ̀ pẹ́, màá bú sẹ́kún, ni mo fi ń gbé e kalẹ̀.

Lánàá Oníbéèsì dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Kò tíì tú ẹrù tó fi ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí o ṣe. Ó fi hẹ́dífóònù sórí, kò tó ìṣẹ́jú méjì tó yọ ọ́.

Ó ní, "Ìyàwó dà?"

Mo ní, "Ìyàwó wo?"

"Ìyàwó rẹ! Maṣíìnì rẹ̀ dà?"

Mo ní, "Ìwọ náà ò gbọ́ ọ?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀? Wọ́n ti yọ ọ́ pátápátá. Ta ló ṣe irú iṣẹ́ yìí?"

Mo gbé orí lé tábìlì. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún, Oníbéèsì ò mọ èyí tó fẹ́ bá mi ṣe nínú méjèèjì. Etí mi ò tíì lọ. Ọmọ mi ló yọ ìyá rẹ̀ kúrò nínú orin.

Maṣíìnì ìránṣọ ìyá rẹ ni gbù-gbù-gbù yẹn. Lẹ́yìn Aláwọ̀ Pupa, ẹgbẹ́ wa tú, ó ku èmi, Oníbéèsì àti onílù. A yá ẹ̀rọ tí a fi ń gba orin sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn náà ni wọ́n fún ìyá rẹ láti rán ọgọ́fà aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Yàrá méjì la ní, ilẹ̀ pákó, ilẹ̀kùn kan láàárín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ a jà. Mo ní kó dá maṣíìnì dúró, ó ní kí n dá gìtá dúró. Kò sẹ́ni tó dá nǹkan kan dúró. Máìkì wà lórí pákó, ẹsẹ̀ ìyá rẹ lórí pẹ́dà maṣíìnì ń gba ilẹ̀ wọ inú téèpù. Ìdí nìyẹn tó fi dún bí ẹ̀rọ omi létí rẹ.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ṣàkíyèsí pé tó bá rán ìlà kan dé ìparí, ó máa ń dúró kó lè yí aṣọ padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè é. Tó bá ń rán, màá dákẹ́. Tó bá ń yí aṣọ, màá wọlé. Òun náà wá mọ̀. Ìgbà mìíràn á mọ̀ọ́mọ̀ dẹwọ́ kó lè rí ohun tí màá ṣe. Ó ń fi mí ṣeré láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. O ní kí ló dé tí mo fi ń pẹ́. Mi ò pẹ́ rí. Mò ń dúró de ìyàwó mi ni.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ló mú un lọ, o ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ṣe Aláwọ̀ Funfun. Ibi tí o pè ní ihò, maṣíìnì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mi ò mọ bí màá ṣe ta á kí n má fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.

O sọ pé tí o bá béèrè ọ̀rọ̀ mo máa ń mú gìtá. Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Tábìlì tí o fi ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ láti kékeré, maṣíìnì ìyá rẹ ló wà lábẹ́ aṣọ tó bò ó. O ò béèrè, èmi náà ò sọ. Mo rò pé tí o bá gbọ́ Aláwọ̀ Ewé, wàá mọ̀ ọ́n. Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n, nígbà tí mi ò fi í hàn ọ́ rí?

Ṣé ó kù níbì kankan? Dá mi lóhùn kíákíá. Etí òsì yìí ò ní dúró de lẹ́tà púpọ̀ mọ́.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Ó wà. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹ lè mí. Ó wà.

Orí àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ ni mo ti ka ìwé yín. Mo sáré wọlé, mo tú gbogbo kọ̀ǹpútà, èyí tí a ò fọ̀ ti lọ lóòótọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn wáyà. Ìgbà náà ni mo rántí Garawa. Ṣé ẹ rántí òfin tí mo sọ fún yín, pé kí èèyàn gbọ́ Garawa dé òpin kó tó dà á nù? Mi ò gbọ́ tiyín dé òpin. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo gbọ́, mo ní gbù-gbù ni, kí ló tún kù? Nítorí pé mi ò tíì gbọ́ ọ tán, mi ò lè dà á nù, ó sì jókòó síbẹ̀ láti oṣù kẹrin. Ìmẹ́lẹ́ mi ló kó wa yọ.

Mo wá gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, kò sí gìtá, kò sí ìlù, ìyá mi nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Mo mọ ìgbà tó ń rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò, nítorí ó gùn. Mo mọ ìgbà tó kan àpò: kúkúrú, ó yí i, kúkúrú, ó yí i. Mo gbọ́ sísọ́ọ̀sì. Mo sì gbọ́ ibi tó ti ń fi yín ṣeré, orin kẹta ni. Ó dẹwọ́, ó dẹwọ́, ó dúró pátápátá, ó wá já sí eré lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ọ́fíìsì yíjú wò mí. Fọ́tò rẹ̀ méjì ni mo ní, nínú méjèèjì ó dúró gbagidi bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyí tí mo mọ̀ pé ìyá mi máa ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Inú ṣì ń bí mi sí yín o. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ fi bò ó mọ́lẹ̀, ẹ sì gbé ìwé ìṣirò mi lé e lórí. Mo ti ń sunkún nítorí rẹ̀ láti ìjẹta. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo fi ọjọ́ mọ́kànlá yọ ọ́ kúrò tí mo tún ń yin ara mi. Ẹ jẹ́ kí á jọ fi orí ji ara wa.

Tí mo bá gbé ohun tó wà nínú Garawa lé orí èyí tí a fọ̀, ó ti padà di bó ṣe wà lórí téèpù nìyẹn. Onírùngbọ̀n kọ̀. Ó ní ohùn tó mọ́ ni àwọn tó ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù ń fẹ́. Mi ò bá a jiyàn. Mo jẹ́ kó gbọ́ èyí tí a fọ̀, mo bi í pé kí ló gbọ́. Ó ní, "Ọkùnrin tó máa ń pẹ́ dé. Àṣà rẹ̀ ni." Mo wá jẹ́ kó gbọ́ èkejì. Ó di ojú, ó fi ọwọ́ nu irùngbọ̀n títí orin méjì fi kọjá. Ó ní, "Kì í pẹ́. Ẹnìkan ló ń fún láyè." Mo ní ìyá mi ni. Ó dìde, ó fa ìwé tí mo fọwọ́ sí ya. Bí orin ṣe wà lórí téèpù ni wọn yóò ṣe tẹ̀ ẹ́, oṣù kọkànlá ni yóò sì jáde.

Mo ti tún ìwé pélébé náà kọ. Lórí Aláwọ̀ Funfun, ìlà kan ni mo fi sílẹ̀: "Ẹ má ṣe rò pé ohunkóhun sọnù níbi tí gìtá bá ti dákẹ́." Lórí Aláwọ̀ Ewé, mo kọ orúkọ àwọn tó ṣe é: gìtá, béèsì, ìlù, maṣíìnì.

Nǹkan kan ló kù tí mi ò mọ̀. Orin karùn-ún, èyí tí àwọn onígìtá fẹ́ràn jù, ibi tí ẹ ti dákẹ́ pẹ́ títí tí wọ́n fi ń jiyàn lórí rẹ̀. Kí maṣíìnì tó dúró níbẹ̀, mo gbọ́ kò-kò-kò kan, kékeré, tí kò bá ìlù mu, tí kò bá ohunkóhun mu, bí ìgbà tí èèyàn ń fi igi kan irin. Lẹ́yìn rẹ̀ maṣíìnì á dúró, ẹ̀yin náà á dúró. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé ìdọ̀tí ni? Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ti kọ́gbọ́n.

Síídì tuntun ló wà nínú àpò yìí. Etí òsì ni kí ẹ fi gbọ́ ọ.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án

Elétí Ehoro mi,

Mo gbọ́ ọ. Etí òsì ti dín kù sí i, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Mo ká aṣọ kúrò lórí maṣíìnì, mo nù ún, mo fún un ní epo. Mo jókòó tì í, mo fi ọwọ́ kan lé orí rẹ̀, mo sì gbọ́ Aláwọ̀ Ewé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Oníbéèsì náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó dé orin kẹta, níbi tí ìyá rẹ ti fi mí ṣeré, ó ní, "Ó tún mú ọ!" Bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ nígbà náà.

O ti dárí jì mí, mo rí i, èmi náà dúpẹ́. Ohun tí o bá fẹ́ mọ̀ nípa ìyá rẹ, béèrè. Màá kọ ọ́. Tí ọwọ́ mi bá tún lọ síbi gìtá, màá fà á padà.

Kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí o ti béèrè. Kò-kò-kò yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ìwọ ni.

Apẹ̀rẹ̀ àjákù aṣọ ni ìyá rẹ máa ń tẹ́ ọ sí, lábẹ́ tábìlì maṣíìnì, nítorí ariwo rẹ̀ ló máa ń mú ọ sùn. Tí o bá jí, o kì í ké. Róòlù òwú onígi kan wà tí o fẹ́ràn, wàá mú un, wàá máa fi lu ẹsẹ̀ tábìlì tó jẹ́ irin. Ìyá rẹ á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, á tẹ̀ ba, á fún ọ ní ọwọ́ kan dì mú títí wàá fi padà sùn. Kò lè ránṣọ títí o fi máa sùn, èmi ò sì lè wọlé títí yóò fi rán ìlà tó dá dúró náà parí. Ìka mi á wà lórí okùn, mi ò ní mí. Oníbéèsì á máa wò mí, onílù á gbé igi sókè. Gbogbo wa ń dúró.

Ibi tí àwọn onígìtá ń jiyàn lé lórí nìyẹn. Wọ́n ti bi mí láìmọye ìgbà pé ọgbọ́n wo ni mo fi rí ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mo máa ń sọ fún wọn pé orí mi ló pé. Irọ́ ni mo ń pa. Ìwọ ni mò ń dúró dè. Fi kún àwọn orúkọ tí o kọ: gìtá, béèsì, ìlù, maṣíìnì, róòlù òwú.

Ní ti wíwá sílé, mi ò ní béèrè mọ́. O mọ ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ wà níbi tó ń wà. Tí etí yìí bá tilẹ̀ ti tì kí o tó dé, lu ẹsẹ̀ tábìlì, ọwọ́ mi á gbọ́ ọ.

Má kánjú. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dúró dè ọ́.

Bàbá rẹ,
Ó-Ń-Bọ̀